Tọ́mù Bráùn inú ọ̀rá láwọn ọjà Òṣogbo: èyí tó ń mú ọmọ ga àti èyí tó kàn ń mú un sanra

Bí ẹ bá rìn láti Ọjà Ọba dé Ìgbọ̀nà, tí ẹ sì yà sí Olúode kí ẹ tó relé, ẹ máa rí Tọ́mù Bráùn, ìyẹ̀fun ọkà, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ fún ọmọ, lórí àtẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: nínú ọ̀rá funfun tí wọ́n so lẹ́nu, nínú ike róbótó, nínú báàgì tó ní àwòrán ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí àkàrà. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmọ́ ohun tó wà nínú wọn kò jọra rárá. Àyẹ̀wò yìí kò dá lórí ilé iṣẹ́ kankan. Irú mẹ́ta tó wọ́pọ̀ la gbé yẹ̀ wò: èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń pò fúnra wọn, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń mú ọmọ sanra, àti èyí tí òbí fúnra rẹ̀ ṣà, tó yan, tó sì gbé lọ sí ẹ̀rọ.

Fún ẹni tó ń kánjú, ìdájọ́ rèé. Irú kẹta ló dára jù. Irú kìíní dára bí ẹ bá mọ ẹni tó pò ó, tó sì lè sọ iye ife ẹ̀wà sóyà tó kó sí i láì wojú ọ̀run. Irú kejì, èyí tó ń ta sísanra, a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á, ì báà jẹ́ fún ọmọ tó rù tàbí fún èyí tó ti sanra tẹ́lẹ̀.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọmọ tó bá sì rí bọ̀kọ̀tọ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń torí rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ kú iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun asanra ti ń rí oníbàárà. Àmọ́ sísanra yàtọ̀ sí dídàgbà. Oúnjẹ tí kò dára lè mú ọmọ rù, ó lè máà jẹ́ kó ga, ó sì lè mú un sanra jù. Ìkejì àti ìkẹta sì lè jọ wà lára ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ wo ọmọkùnrin ọdún 2 tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 79, tó sì wọ̀n ní kílò 11.5. Bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, kò séwu, torí nínú òṣùwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé WHO, kílò 9.7 ni ààlà ìsàlẹ̀ fún ọmọkùnrin ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 81 ni ààlà ìsàlẹ̀ fún gíga rẹ̀ lórí ìdúró. Ọmọ náà ti kúrú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Bákan náà, kílò 10 àti díẹ̀ ni àárín ìwọ̀n fún ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ti ń wúwo ju bó ṣe ga lọ. Bí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìyẹ̀fun tó kún fún ṣúgà, kílò yóò máa lé sí i, sẹ̀ǹtímítà á sì dúró síbi tó wà. Egungun àti iṣan ò ṣeé fi ṣúgà àti sítáàṣì kọ́. Èròjà amúaradàgbà, zinc, áyọ́ọ̀nù àti àwọn fítámì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Agbára tí ara kò bá rí lò, ọ̀rá ló ń sọ ọ́ dà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ kan. Nínú NDHS ti 2018, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí ìlera àwọn ìdílé, ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ, 7 nínú 100 ló rù, 2 nínú 100 ló sanra jù; nínú ìwádìí yẹn kan náà, obìnrin 28 nínú 100 láàárín ọdún 15 sí 49 ló sanra jù. Nígbà tí ti 2023 sí 2024 fi jáde, àwọn ọmọ tó kúrú ti di 40 nínú 100. Ìyá tó sanra, àbíkẹ́yìn tó kúrú, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún 8 tí ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti lè máa jẹun. Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun kan kò fi lè bá gbogbo wọn mu.

Àti pé kí ẹ tó pe ẹsẹ̀ ọmọ ní ẹsẹ̀ tó kún, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí kòtò bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ara ọmọ náà wú ni, kò sanra. Àìtó oúnjẹ tó le gan-an ni, ilé ìwòsàn sì ni lọ́jọ́ náà. Kò sí Tọ́mù Bráùn kankan tó wà fún un.

Ká wá sórí ohun tó wà nínú ọ̀rá. Àpòpọ̀ tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò ní Nàìjíríà kò le: ife ọkà 6, ife ẹ̀wà sóyà 3, ife ẹ̀pà 1. Ọkà yẹn lè jẹ́ àgbàdo, ọkà bàbà tàbí jéró, tàbí kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Àgbàdo nìkan ní bíi gíráàmù 9 èròjà amúaradàgbà nínú gíráàmù 100. Pẹ̀lú 6, 3, 1 yẹn, ó ń súnmọ́ gíráàmù 18, ìlọ́po méjì nìyẹn. Bí ọlọ́jà bá dín sóyà kù sí ife 1, tó fi àgbàdo dí àyè rẹ̀ (8, 1, 1), yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13. Àgbàdo ló dínwó jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì mọ ibi tí ọwọ́ ọlọ́jà máa kọ́kọ́ lọ.

Ojú nìkan ò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn, torí àgbàdo tí wọ́n yan jù náà máa ń pọ́n bíi sóyà. Ẹ lo bébà. Ẹ bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sáàárín bébà aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ẹ fi ìsàlẹ̀ ife tẹ̀ ẹ́ gidi, ẹ gbọn ìyẹ̀fun náà dànù, kí ẹ gbé bébà náà kojú ìmọ́lẹ̀. Àpòpọ̀ tó péye ní ọ̀rá tó tó gíráàmù 13 nínú 100 láti ara sóyà àti ẹ̀pà, ó yẹ kó fi àmì òróró sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ àgbàdo lásán kò ní ju gíráàmù 4 lọ, bébà rẹ̀ á gbẹ táútáú. Mílíìkì ọlọ́ràá náà lè fi àmì sílẹ̀, nítorí náà ẹ bi ọlọ́jà bóyá ó kó mílíìkì sí i.

Sóyà ló máa ń ba ọ̀pọ̀ Tọ́mù Bráùn ọjà jẹ́, kì í sì í ṣe nítorí pé ó kéré nìkan. Ẹ̀wà sóyà tútù ní èròjà kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn lè da èròjà amúaradàgbà. Bí iná kò bá jó o tó, ọmọ á jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e, ohun tí ẹ torí rẹ̀ ra sóyà á sì bá ìgbẹ́ lọ. Yíyan lásán lórí iná líle kì í dé inú rẹ̀: èèpo á ti dúdú, inú á ṣì tutù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú omi tó ti ń hó, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo lè bọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó wá yan án lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi pọ́n díẹ̀ tí yóò sì máa ta sánsán. Nínú ọ̀rá tí wọ́n ti lọ̀, imú nìkan ni ẹ ní. Bó bá ń rùn bí ẹ̀wà tútù, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ̀pà ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ kí wọ́n tó kó o pamọ́ máa ń hu, ohun tó ń hu lára wọn yẹn sì máa ń pọ májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Iná ayíyan kì í pa á tán, sísè kì í pa á tán. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àwọn ìwádìí sì ti so ó mọ́ ọmọ tí kì í ga. Nígbà tí ẹ̀pà ṣì wà lódindi, ẹ lè ṣa èyí tó hun jọ, èyí tó dúdú, èyí tó hu funfun àti èyí tó fọ́, kí ẹ kó o dànù. Tó bá ti di ìyẹ̀fun, kò sí ojú tó lè rí i mọ́. Àǹfààní tó tóbi jù nínú kí èèyàn ṣe tirẹ̀ nìyẹn, ó ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Níbi ẹ̀rọ, ohun méjì. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn, torí ata gbígbẹ díẹ̀ tó kù sínú ẹ̀rọ ti tó láti mú ọmọ oṣù 7 kọ oúnjẹ títí ọ̀rá náà á fi tán. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin tó ń lọ nǹkan, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú yín. Irin tuntun máa ń ha sínú ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá ní òòfà nílé, irú èyí tó máa ń wà nídìí sípíkà rédíò tó bàjẹ́, kó fi ọ̀rá wé e, kó fà á kọjá nínú ìyẹ̀fun náà. Ohun tó máa gbé jáde lè yà á lẹ́nu.

Ní ti báàgì aláwòrán, ẹ má ka ọ̀rọ̀ ńlá tó wà níwájú. Ẹ yí i padà. Bí wọ́n bá tẹ̀lé òfin, ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ. Bí ṣúgà, glucose tàbí maltodextrin bá wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ń fi owó sóyà ra ṣúgà ni. Kọ́sítáàdì náà wà nínú àwọn kan láti fún un ní àwọ̀; sítáàṣì àgbàdo ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èròjà amúaradàgbà. Oyin kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá, torí kòkòrò àrùn botulism tó lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìyẹ̀fun tó ní oyin tí wọ́n sì kọ "láti oṣù 6" sí lára, àwọn tó ṣe é ò mọ iṣẹ́ wọn. Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ wá a. Èyí tí kò bá ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára, ẹ má gbé e: ẹ̀pà tó wà nínú rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òróró àtijọ́ kó tó pé oṣù méjì nínú ooru wa yìí. Tiyín náà, ẹ má lọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán lóṣù kan lọ, kí ẹ sì dé e mọ́lẹ̀ nínú ike tó gbẹ.

Ibi tí Tọ́mù Bráùn tó dára pàápàá ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni ìkòkò. Ọmọ oṣù 6 sí 8 tó ń mu ọmú dáadáa nílò bíi kálórì (òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ mìíràn. Tó bá di oṣù 9 sí 11, ó di 300. Láti ọdún kan sí méjì, 550. Gíráàmù 50 ìyẹ̀fun ló ń pèsè kálórì 200. Bí ìyá bá wá po ṣíbí ìjẹun kan tó kún, bíi gíráàmù 15, sínú ife omi kan, tó sì fún ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kálórì 120 péré lọ́mọ rí. Ikùn rẹ̀ yó, omi ló sì yó. Irú ẹ̀kọ tó ṣàn bẹ́ẹ̀ ni ìdí tí ọmọ tó "ń jẹun dáadáa" kì í fi ga. Ó gbọ́dọ̀ ki débi pé, bí ẹ bá dojú ṣíbí kọlẹ̀, kò ní ṣàn kúrò lójú ẹsẹ̀. Gíráàmù 50 sí omi ife kan (mílílítà 250) ni ìpìlẹ̀. Ẹ fi omi tútù pò ó kó má ṣe kókó, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó, kó sì hó fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán. Àwọn ọlọ́jà tó ń sọ pé omi gbígbóná inú fúláàsì ti tó, ẹ má gbọ́ tiwọn. Wọ́n ti yan án lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ tó dì í àti ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ kò kọjá nínú iná.

Bó bá ki jù fún ọmọ kékeré, omi kọ́ lẹ máa fi là á. Àgbàdo híhù ni. Ẹ rẹ àgbàdo di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi hù, bíi ọjọ́ 2 sí 3, ẹ sá a gbẹ, ẹ ra ohun tó hù lára rẹ̀ kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ bá ti jinná tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ṣíbí tíì kan rẹ̀ sí i, ẹ rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ̀kọ náà á dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bu omi sí i. Kálórì rẹ̀ ò sì dín. Kí ẹ dá a padà sórí iná kó tún hó díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkà bàbà ṣe é gbọ́dọ̀ ra gbogbo gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ dànù pátápátá, torí inú wọn ni májèlé bíi ti ẹ̀gẹ́ wà.

Àpòpọ̀ tó pé náà kò dá tó. Kò ní fítámì B12, zinc rẹ̀ kò pọ̀, díẹ̀ tó sì ní, èròjà kan nínú ọkà àti sóyà (phytate) máa ń dì í mú. Edé tí ẹ lọ̀, ẹja gbígbẹ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, wàrà tí ẹ sè dáadáa, ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹyin: ọ̀kan nínú wọn lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹyin nìkan. Ní Ecuador, ìwádìí tó jáde ní 2017 fi hàn pé ẹyin kan lójúmọ́ fún oṣù 6 mú àwọn ọmọ ga sí i dáadáa. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Màláwì, gíga wọn kò yí padà. Ní Màláwì, àwọn ọmọ náà ti ń jẹ ẹja tẹ́lẹ̀. Ẹyin ń di ihò tó wà; bí kò bá sí ihò níbẹ̀, kò sí ohun tó máa dí.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ ńkọ́? Ọmọ ọdún 4 sí 8 tó ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó ń mu mínírà, tó sì ń jẹ bísíkíìtì ní ilé ìwé, kò nílò ife Tọ́mù Bráùn alálẹ́ pẹ̀lú mílíìkì dídì. Ó lè rọ́pò oúnjẹ kan, kó má ṣe gùn ún lórí. Ọ̀pọ̀ mínírà ní tó gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100, nítorí náà ìgò mílílítà 350 ti kọjá ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún 5 rí ní odidi ọjọ́ kan. Owó orí ₦10 lórí lítà kan tí òfin ìnáwó 2021 gbé ka orí ohun mímu ṣúgà kò kan ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, ibẹ̀ sì ni ṣúgà ti ń gba ẹ̀yìn wọlé. Àmọ́ ẹ má fi ebi pa ọmọ tó sanra. Ẹ yọ mínírà, ẹ dá oúnjẹ padà sí ẹ̀wà, ewédú, ẹja àti èso, ẹ jẹ́ kó sáré fún wákàtí kan lójúmọ́, kí gíga rẹ̀ lè lé kílò rẹ̀ bá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rá tí ẹ rà ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n nìkan ò lè sọ fún yín. Ẹ ra téèpù aránṣọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, lórí ìdùbúlẹ̀ ni: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orí rẹ̀ kan ògiri, kí ẹnì kan di orí mú, kí ẹnì kejì rọra tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó sì gbé ìwé líle kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sàmì sílẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 0.7 gùn ju ìdúró lọ, ẹ má po méjèèjì pọ̀. Ní ọdún kejì ayé rẹ̀, ó yẹ kí ọmọ fi sẹ̀ǹtímítà 12 ga, bíi 3 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá kì í lọ síbi ọmọ wíwọ̀n mọ́, torí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń tán lẹ́yìn oṣù 9 àti 15. Ẹ tún fi téèpù náà yí agbede apá òsì rẹ̀ ká láti oṣù 6 títí kó tó pé ọdún 5: bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Bí kò bá tó 11.5, lọ́jọ́ náà ni.

Ní ọdún kejì yẹn, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí sẹ̀ǹtímítà kò sì lé tó 2, tí kílò sì ń lé, ẹ má fi ṣíbí ṣúgà kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání lọ, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé gíga rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ̀n, torí bí ẹ ò bá sọ, orí ìwọ̀n nìkan ni wọ́n lè gbé e sí.